Ọba Lórí Ẹṣin: Gbọ̀ngàn Àwọn Ìjọba ní Ìlú Madrid

Ní apá ìlà-oòrùn ìlú Madrid, lẹ́bàá ọgbà ńlá tí wọ́n ń pè ní Retiro, ilé kan ṣì dúró tí ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ wuni láti òde, nítorí bíríkì ni wọ́n fi mọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ilé náà ni Philip kẹrin, ọba Sípéènì, ti ń gba àlejò ní ọdún 1635, nínú gbọ̀ngàn gígùn kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Gbọ̀ngàn Àwọn Ìjọba, nítorí pé àmì oyè ìjọba 24 tí ọba náà jẹ lé lórí ni wọ́n kùn yí òkè ògiri rẹ̀ ká, láti Castile títí dé Naples, láti Pọtogí títí dé Mẹ́síkò. Lára ògiri ni wọ́n gbé àwòrán ogun 12 kọ́, ogun tí àwọn ọ̀gágun rẹ̀ jà tí wọ́n sì ṣẹ́. Lókè fèrèsé, àwòrán 10 wà tí Francisco de Zurbarán fi sọ ìtàn Hercules, alágbára inú ìtàn àwọn Gíríìkì tí ìdílé ọba yìí ń pè ní baba ńlá wọn. Ní ìkángun méjèèjì gbọ̀ngàn náà, níbi tí ojú àlejò kò ti lè ṣàì bà, ni àwòrán ẹlẹ́ṣin márùn-ún wà, iṣẹ́ Diego Velázquez àti àwọn tí ó ń bá a ṣiṣẹ́: ọba tí ó ti wàjà àti olorì rẹ̀, ọba tí ó wà lórí oyè àti olorì tirẹ̀, àti àrẹ̀mọ, ọmọdé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún márùn-ún. Àlejò tí ó bá wọ ibẹ̀ kò ní béèrè ẹni tí ó ni ayé.

Ẹni tí ó dá ètò gbọ̀ngàn yìí sílẹ̀ kì í ṣe ọba fúnra rẹ̀. Gaspar de Guzmán ni, ìjòyè ńlá tí ayé mọ̀ sí Olivares, ẹni tí ó ti di ọwọ́ ọ̀tún ọba láti ọdún 1621, nígbà tí Philip gorí oyè láì tíì pé ọmọ ọdún 16. Ọkùnrin alágbára, aláìsinmi, tí kì í fi iṣẹ́ òní di ọ̀la ni Olivares, ohun tí ó sì ń wá lójú oorun àti lójú ayé ni pé kí ògo ìjọba Sípéènì, tí ó ti ń ṣá bí aṣọ tí oòrùn ti pa, tún padà tàn. Ó mọ bí àpò ìṣúra ṣe rí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ní ọdún 1627, ìjọba kò lè san gbèsè àwọn tí ó yá a lówó mọ́; ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, àwọn ará Họ́lándì, tí Piet Heyn ṣe olórí ọkọ̀ wọn, lúgọ sí Matanzas ní erékùṣù Kúbà, wọ́n sì gba ọ̀wọ́ ọkọ̀ fàdákà kan tí ń bọ̀ láti Amẹ́ríkà. Kò pẹ́ sí ìgbà náà, ní ọdún 1630, ni Olivares bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ààfin tuntun tí gbọ̀ngàn yìí wà nínú rẹ̀. Kíákíá ni wọ́n ń kọ́ ọ, owó tí ó yẹ kí ó lọ fún ọ̀nà mìíràn ni wọ́n ń fà wá kọ́ ọ, àwọn ará ìlú tí owó òde ń gbẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pe ààfin náà ní ilé adìẹ, nítorí àwọn ẹyẹ tí Olivares kó jọ síbẹ̀ kí ààfin tó jókòó dáadáa.

Àwòrán ọba lórí ẹṣin kì í ṣe ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Madrid. Ní Róòmù, ère idẹ olú-ọba Marcus Aurelius lórí ẹṣin rẹ̀ ti la ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún já nígbà tí wọ́n yọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi rọ nǹkan mìíràn, nítorí pé àwọn Kristẹni rò pé ère Constantine, olú-ọba tí ó kọ́kọ́ gba ẹ̀sìn wọn, ni. Àṣìmọ̀ ni ó gbà á là, wọ́n sì wá gbé e sí orí òkè Capitoline ní ọdún 1538 fún gbogbo ayé láti wò. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn èyí, ní ìlú Augsburg ní ilẹ̀ Jámánì, Titian ará Venice ya Charles karùn-ún, bàbá bàbá bàbá Philip kẹrin, lórí ẹṣin dúdú kan tí wọ́n fi aṣọ pupa bò, pẹ̀lú ọ̀kọ̀ gígùn lọ́wọ́ rẹ̀ àti ìhámọ́ra irin lára rẹ̀, ó ń jáde bọ̀ láti inú igbó nígbà tí ojúmọ́ kò mọ́lẹ̀ tán. Ogun Mühlberg, tí olú-ọba náà ti ṣẹ́ àwọn ọmọ aládé Pùròtẹ́sítáǹtì ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin ọdún 1547, ni wọ́n fi ń rántí. Òkú ogun kò sí nínú àwòrán náà, ọ̀tá kò sí, ọmọ-ogun kan kò sí. Ọkùnrin kan ṣoṣo ni, àti ẹṣin, àti òfuurufú. Aromọléegun sì ti ń dá ọkùnrin náà lóró láti ọdún pípẹ́, ṣùgbọ́n Titian kò jẹ́ kí ó hàn. Ìhámọ́ra tí ó wọ̀ ṣì wà ní Madrid títí di òní, gẹ́gẹ́ bí àwòrán náà ti wà, wọ́n sì jọ ara wọn dé orí ọnà wúrà àyà rẹ̀.

Àwòrán yìí ni Velázquez ń rí nínú ààfin lójoojúmọ́. Òun náà mọ ohun tí ó ń ṣe. Ẹni tí ó bá ti dúró létí ààfin wa láàárọ̀, tí ó gbọ́ bí akígbe ṣe ń ki ọba, tí ó ń pè é ní apani-má-yọdà, ní àràbà tí afẹ́fẹ́ kò lè wó, nígbà tí gbogbo ìlú mọ̀ pé ọba náà kò tíì ta ọfà kan rí láyé rẹ̀, yóò mọ̀ pé akígbe kò purọ́, kò sì jẹ́rìí sí ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ó ń ki baba mọ́ ọmọ ni, ó ń dá gbèsè ìran lé ẹni tí ó jókòó lọ́rùn, kí orí rẹ̀ lè wú débi tí yóò fi san án. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwòrán ẹlẹ́ṣin ń sọ. Ohun tí mo sì fẹ́ kí a ṣàkíyèsí nínú ìtàn gbọ̀ngàn yìí nìyí, pé ìgbà tí agbára ọba bẹ̀rẹ̀ sí dínkù gan-an ni ẹṣin inú àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí ga sí i.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹṣin náà ná. Nínú àwòrán Philip kẹrin, ẹṣin pupa ńlá kan gbé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì sókè, ó fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì ti ara rẹ̀ dúró, ọba sì jókòó lórí rẹ̀ láìmira, ọwọ́ òsì rẹ̀ nìkan ni ó fi mú ìjánu, bí ẹni pé kò gba agbára kankan. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gun ẹṣin rí mọ̀ pé èyí kò rọrùn. Ọdún gbọọrọ ni a fi ń kọ́ ẹṣin ní irú ìdúró bẹ́ẹ̀, ọdún gbọọrọ ni a sì fi ń kọ́ ẹni tí yóò gùn ún. Ní Faransé, Antoine de Pluvinel, olùkọ́ ẹṣin gígùn Louis kẹtàlá, kọ odindi ìwé sí i, níbi tí ó ti ń bá ọba ọ̀dọ́ náà sọ̀rọ̀ bí bàbá ti ń bá ọmọ sọ̀rọ̀. Ohun tí gbogbo ọmọ ọba Yúróòpù ìgbà náà gbà gbọ́ ni pé ẹni tí ó bá lè fi ọwọ́ kan tu ẹranko tí ó lágbára jù ú lọ lójú, láìlù ú, láìpariwo, lè tu ìlú lójú pẹ̀lú. Ẹṣin ni ará ìlú. Ìjánu ni òfin. Ojú ọba tí kò yí padà ni ọgbọ́n. Mo ti ń rò ó pé kò sí ẹni tí ó bi ará ìlú bóyá inú wọn dùn sí ipò tí a fi wọ́n sí nínú àfiwé yìí.

Lẹ́yìn ẹṣin, ọ̀pá tí ọba mú lọ́wọ́. Ọ̀pá kúkúrú, tí kò ní ọnà púpọ̀ lára, ni àmì ọ̀gágun ní ìgbà náà, tí ọba máa ń fi lé ẹni tí ó bá yàn lọ́wọ́ kí ó tó kó ogun jáde, gẹ́gẹ́ bí a ti ń fi ọ̀pá àṣẹ lé olóyè lọ́wọ́. Idà lè wà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí ó bá lówó láti rà á, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mú ọ̀pá, àwọn ẹlòmíràn ni yóò pa ènìyàn fún un. Ọ̀já ara ọba náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ láti sọ. Ní àkókò tí àwọn ọmọ-ogun kò tíì ní aṣọ kan náà, tí oníkálukú ń wọ ohun tí ó bá ní lọ sójú ìjà, ọ̀já tí wọ́n gbé kọ́ èjìká tàbí tí wọ́n fi di ìbàdí ni a fi ń mọ ọmọ ilé sí ará òde nínú èéfín ìbọn: pupa ni ti Sípéènì àti gbogbo ìdílé Habsburg tí Philip ti wá, àwọ̀ ọsàn ni ti Họ́lándì, funfun ni ti Faransé. Ọ̀já pupa tí ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́yìn Philip kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán. Òun ni ó ń sọ ìran tí ọkùnrin yìí ti wá kí a tó wo ojú rẹ̀ rárá. Ní ti ìhámọ́ra irin, ìgbà ti ń lọ lórí rẹ̀. Ọta ìbọn ńlá ti lè lu irin já, àwọn ọmọ-ogun ẹlẹ́sẹ̀ sì ti ń bọ́ ọ dànù díẹ̀díẹ̀ nítorí ìwúwo rẹ̀. Síbẹ̀ bí ó ti ń kúrò lójú ogun ni ó ń wọ inú àwòrán sí i, nítorí pé ìhámọ́ra ń rántí àkókò tí ọba fúnra rẹ̀ ń ṣíwájú ogun, tí ẹ̀jẹ̀ ọba àti ẹ̀jẹ̀ mẹ̀kúnnù ń dà sórí ilẹ̀ kan náà.

Velázquez kò fi kún èyí. Àwọn ayàwòrán mìíràn nígbà náà, ní àṣà tí àwọn onímọ̀ ọnà ń pè ní Baroque, ìbá ti mú áńgẹ́lì fọn kàkàkí lókè orí ọba, ìbá ti mú ejò àti ẹlẹ́tàn sábẹ́ pátákò ẹṣin; òun ya òkè àti pápá ẹ̀yìn ìlú Madrid, pẹ̀lú òfuurufú tí ó tutù, ó sì fi ọba síbẹ̀, ojú kan ṣoṣo ni ó hàn sí wa, bí ti ọba ara owó. Ní igun ìsàlẹ̀ àwòrán náà, ó ya ìwé pélébé kan, irú èyí tí ayàwòrán máa ń kọ orúkọ rẹ̀ sí, ó sì fi í sílẹ̀ láìkọ ohunkóhun sí i. Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ nínú àwòrán ìlú Breda àti nínú ti Olivares, tí a ó dé ọ̀dọ̀ wọn láìpẹ́. Ní èrò tèmi, ìgbéraga ni èyí, ṣùgbọ́n irú ìgbéraga tí ó dákẹ́: ta ni yóò béèrè ẹni tí ó ya irú nǹkan báyìí?

Àwọn olorì méjèèjì wà lórí ẹṣin tí ń rìn jẹ́jẹ́, aṣọ olówùú wúrà bò ó títí dé orúnkún rẹ̀. Ẹṣin obìnrin kì í gbẹ́sẹ̀ sókè nínú àwòrán wọ̀nyí. Wọn kò mú ọ̀pá, ṣùgbọ́n ipò wọn kò kéré, nítorí àpọ́nlé kò sí fún ọba tí kò ní olorì, pàápàá ọba tí gbogbo ìrètí rẹ̀ wà lórí ọmọ kan. Ọmọ náà, Baltasar Carlos, ni wọ́n gbé sí òkè ìlẹ̀kùn láàárín bàbá àti ìyá rẹ̀. Nítorí pé ìsàlẹ̀ ni a ó ti máa wo àwòrán náà, Velázquez ya ikùn ẹṣin kékeré náà kí ó rí ràgàjì bí àgbá, tí ẹni tí ó bá wò ó tààrà lónìí nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Prado á fi máa rò pé ayàwòrán ṣì í ṣe. Ṣùgbọ́n bí a bá bẹ̀rẹ̀ díẹ̀ tí a gbójú sókè, ẹṣin náà á fò wá sórí wa. Ọmọ náà wọ aṣọ tí wúrà ń kọ lára rẹ̀, ọ̀já aláwọ̀ òdòdó wà lára rẹ̀, ọ̀pá ọ̀gágun sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ kékeré. Ojú rẹ̀ funfun, ó le, kò rẹ́rìn-ín. Bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò: ohun tí wọ́n gbé e sí òkè ìlẹ̀kùn láti sọ nìyẹn fún àwọn ikọ̀ gbogbo ayé bí wọ́n ti ń wọlé tí wọ́n sì ń jáde.

Nígbà tí a bá yíjú sí àwòrán ogun, ọdún kan ni a ó rí tí ó ń padà wá léraléra. Márùn-ún nínú ìṣẹ́gun náà, ọdún 1625 ni wọ́n ṣẹlẹ̀, ọdún kan ṣoṣo tí gbogbo nǹkan bọ́ sí i fún Sípéènì, tí Olivares sì ń fi í ṣe ọ̀rọ̀ sọ títí ayé. Ní ọdún náà, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì wá kọlu èbúté Cádiz, wọ́n sì fi ìtìjú padà. Zurbarán ni ó ya èyí: ọ̀gágun àgbà Fernando Girón, tí aromọléegun kò jẹ́ kí ó lè dúró, jókòó lórí àga ní etí òkun, ó ń fi ọ̀pá tọ́ka, àwọn ìjòyè rẹ̀ tí ara wọn le sì dúró yí i ká tí wọ́n ń gbọ́ àṣẹ. Ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Mo fẹ́ràn àwòrán yìí nítorí pé níbẹ̀ ni ọ̀pá ti bọ́ kúrò lára ẹṣin pátápátá, tí a sì rí i pé àṣẹ lè jókòó lórí àga.

Èyí tí ó sún mọ́ àwa Yorùbá jù nínú gbọ̀ngàn náà ni iṣẹ́ Juan Bautista Maíno, tí ó ń sọ bí wọ́n ṣe gba ìlú Salvador ní Bàhíà padà lọ́wọ́ àwọn ará Họ́lándì ní ọdún 1625 kan náà. Bàhíà jẹ́ ti Pọtogí, Pọtogí sì wà lábẹ́ ọba Sípéènì nígbà náà. Ṣúgà tí àwọn ẹrú Áfíríkà ń ṣe níbẹ̀ ni ó fa ojú àwọn ará Họ́lándì mọ́ra. Ìlú yìí ni wọn yóò kó ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ Yorùbá lọ ní nǹkan bí ọ̀rúndún méjì lẹ́yìn náà, tí àwọn kan nínú wọn yóò sì padà wá kọ́lé alárànbarà sí Èkó. Ohun tí Maíno ṣe yà mí lẹ́nu. Ọ̀gágun tí ó gba ìlú náà, Fadrique de Toledo, dúró lápá ọ̀tún, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni àwọn ọ̀tá kúnlẹ̀ fún. Ó ń tọ́ka sí aṣọ ńlá kan tí wọ́n gbé kọ́, tí àwòrán ọba wà lára rẹ̀, àwọn ará Họ́lándì sì kúnlẹ̀ níwájú aṣọ náà. Àwòrán wà nínú àwòrán, àwòrán sì ń gba ìforíbalẹ̀, ọba tí ó ni í wà ní Madrid, ó jìnnà sí Bàhíà bí ọ̀run ti jìnnà sí ilẹ̀. Lára aṣọ náà, abo òrìṣà ogun àwọn ará Róòmù ń gbé adé ewé lé ọba lórí; ẹni tí ó bá a gbé adé náà lẹ́yìn ọba ni Olivares fúnra rẹ̀. Lápá òsì, kúrò lọ́dọ̀ gbogbo ògo yìí, obìnrin kan ń tọ́jú ọmọ-ogun tí ọgbẹ́ wà láyà rẹ̀, àwọn ọmọdé sì wà nítòsí, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò wo ọba. Ní ti Fadrique, ó ti bá Olivares jà ní ọdún 1634 nígbà tí wọ́n tún fẹ́ rán an padà sí Bùràsíìlì. Wọ́n fi í sí àtìmọ́lé, ó sì kú kí ọdún náà tó parí. Àwọn tí ó fi í sí ẹ̀wọ̀n ni ó gbé ògo rẹ̀ kọ́ sí ara ògiri.

Ṣùgbọ́n Breda ni olórí gbogbo wọn. Ìlú olódi ni Breda ní ilẹ̀ àwọn ará Họ́lándì. Ambrogio Spinola, ará Genoa tí ó jẹ́ ọ̀gágun fún Sípéènì, dó tì í láti oṣù kẹjọ ọdún 1624, ebi sì mú kí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ ìlú sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 1625. Velázquez mọ Spinola, nítorí ọkọ̀ kan náà ni wọ́n jọ wọ̀ láti Barcelona lọ sí Ítálì ní ọdún 1629, ọdún kan kí ọ̀gágun náà tó kú nígbà tí wọ́n dó ti Casale. Nínú àwòrán náà, àwọn ọ̀kọ̀ gígùn dúró gbọnrangandan lápá ọ̀tún bí igbó ọparun, tí àwọn ènìyàn fi ń pe àwòrán náà ní Àwọn Ọ̀kọ̀. Lápá òsì, ohun ìjà àwọn tí a ṣẹ́ kò pọ̀, kò sì dọ́gba, èéfín sì ń rú lẹ́yìn wọn. Láàárín, Justin ti Nassau, olórí àwọn tí ó dáàbò bo ìlú náà, mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, ó fẹ́ wólẹ̀. Spinola kò gbà fún un. Ó ti sọ̀kalẹ̀ lórí ẹṣin, ẹṣin náà kẹ̀yìn ràgàjì sí wa, ó sì nawọ́ gbé e lé èjìká ẹni tí ó ṣẹ́. Fìlà rẹ̀ àti ọ̀pá rẹ̀ wà ní ọwọ́ kejì pọ̀. Nínú gbogbo gbọ̀ngàn tí ẹṣin ti ń fò sókè yìí, ẹni tí ó ga jù lójú mi ni ẹni tí ó sọ̀kalẹ̀. Mi ò rò pé Olivares rí i bẹ́ẹ̀.

Nítorí pé kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn èyí tí Olivares náà ní kí Velázquez ya òun lórí ẹṣin. Àwòrán yìí kò sí nínú gbọ̀ngàn, tirẹ̀ ni. Ọkùnrin náà sanra, ó wọ ìhámọ́ra dúdú tí wúrà wà lára rẹ̀, ó kẹ̀yìn sí wa díẹ̀, ó yí orí padà láti wò wá bí ẹni tí ń sọ pé kí a tẹ̀ lé òun, ẹṣin rẹ̀ sì fẹ́ fò sọ̀kalẹ̀ lọ sí pápá ogun tí èéfín ń rú ní ìsàlẹ̀. Ọ̀pá rẹ̀ nà tọ́ka síbẹ̀. Ó mọ ẹṣin gùn lóòótọ́, òun ni olórí àwọn olùtọ́jú ẹṣin ọba. Ṣùgbọ́n Olivares kò kó ogun jáde rí láyé rẹ̀, inú yàrá ìwé ni ó ti ń jagun tirẹ̀, láàárín àwọn akọ̀wé tí oorun ń kùn. Kí a sì má gbàgbé pé ìdúró ẹṣin tí ó gbà yìí, ti ọba ni.

Nínú ilé Velázquez gan-an, ọkùnrin kan wà tí kò sí ọ̀já tàbí ọ̀pá tí ó lè sọ ẹni tí ó jẹ́: Juan de Pareja, ẹrú rẹ̀, ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ Áfíríkà wà lára rẹ̀, tí ó ń bá a ṣiṣẹ́ tí òun náà sì mọ àwòrán yà. Ní Róòmù ní ọdún 1650, Velázquez ya á, ó gbé àwòrán náà fún gbogbo ìlú wò ní oṣù kẹta. Ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà ni ó kọ ìwé òmìnira fún un. Pareja gbé ọwọ́ kan sí iwájú ara rẹ̀, kò mú nǹkan kan dání, ó sì wò wá bí Philip kò ti wò wá rí.

Ó ku ọba kejì tí òun náà fẹ́ kí wọ́n ya òun lórí ẹṣin. Ní ọdún 1623, ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì, Charles, fi irùngbọ̀n àgbélẹ̀mọ́ bojú, ó gun ẹṣin la ilẹ̀ Faransé já wá sí Madrid láti fẹ́ àbúrò Philip. Ọmọkùnrin kúkúrú ni, ó ń kólòlò, wọ́n sì ní ó pẹ́ kí ó tó rìn nígbà èwe. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó taagun ni ìlú ti ń wò bí ọba ọ̀la kí ikú tó mú un lọ ní ọdún 1612. Kò rí ìyàwó náà fẹ́. Ohun tí ó rí ni àwòrán Titian, èyí tí ó kún ilé Philip, ojú rẹ̀ sì là sí ohun tí ọ̀dà lè ṣe fún ọba. Philip fún un ní ọ̀kan nínú èyí tí Titian ya Charles karùn-ún, níbi tí olú-ọba náà dúró ti ajá rẹ̀. Ìbínú ìyàwó tí kò rí fẹ́ wà nínú ohun tí ó mú un rán ọkọ̀ sí Cádiz ní ọdún 1625, tí Girón lé padà láti orí àga rẹ̀.

Ní ọdún 1632, Charles, tí ó ti di ọba, mú Anthony van Dyck ará Antwerp wá sí London. Ọdún 1599 tí a bí Velázquez ni a bí òun náà. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ó ya ọba náà lórí ẹṣin funfun bí ó ti ń jáde lábẹ́ ẹnu-ọ̀nà olóbìírí kan, tí olùkọ́ ẹṣin rẹ̀, ará Faransé, dúró lẹ́bàá rẹ̀, ó gbé àṣíborí rẹ̀ dání, ó sì ń wò ó lókè bí ẹni ń wo oòrùn. Ìparí ọ̀nà gígùn kan ní ààfin St James ni wọ́n gbé e kọ́ sí, kí ẹni tí ó bá ń bọ̀ lè rò pé ọba ni ó ń bọ̀ wá pàdé òun. Kí ọdún 1638 tó parí, ó tún ya òmíràn tí ó tóbi: ìhámọ́ra, ọ̀pá ọ̀gágun, igi ńlá, àti pátákó lára igi náà tí ó ń sọ ní èdè Látìnì pé Charles ni ọba Bìrìtéènì Ńlá, nígbà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Skọ́tláǹdì ṣì ní ìgbìmọ̀ aṣòfin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Lórí ẹṣin, kò kúrú mọ́, kò sì sí kólòlò nínú àwòrán. Láti ọdún 1629 ni ó sì ti ń jọba láìpe ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1637 ni àwọn ará Edinburgh dìde sí ìwé àdúrà tí ó fẹ́ fi tipátipá fún wọn.

Ìyókù kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwọn ará Họ́lándì gba Breda padà ní ọdún 1637, ọdún méjì lẹ́yìn tí wọ́n gbé àwòrán rẹ̀ kọ́. Catalonia àti Pọtogí dìde sí Philip ní ọdún 1640, Bàhíà sì bá Pọtogí lọ. Kìnnìún fàdákà 12 wà nínú gbọ̀ngàn náà, tí ìjòyè kan fi ta ọba lọ́rẹ. Ní ọdún 1643, wọ́n yọ́ wọn láti fi san owó ọmọ-ogun, ní ọdún náà gan-an ni wọ́n sì lé Olivares kúrò ní ààfin. Baltasar Carlos kú ní oṣù kẹwàá ọdún 1646, ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí ó pé ọmọ ọdún 17. Charles gbé àsíá ogun sókè ní Nottingham ní ọdún 1642 láti bá àwọn ènìyàn rẹ̀ jà, ó sì pàdánù. Ní ọjọ́ 30 oṣù kìíní ọdún 1649, wọ́n mú un gba gbọ̀ngàn Whitehall kọjá, lábẹ́ àjà tí ayàwòrán Rubens ti kùn fún ògo bàbá rẹ̀, wọ́n sì bẹ́ orí rẹ̀ lóde níwájú gbogbo ènìyàn.

Ìjọba tuntun tí ó dé ní London ta ẹrù rẹ̀: aṣọ, àga, ère, àwòrán. Ikọ̀ Sípéènì, Alonso de Cárdenas, wà níbẹ̀, ó ń fara balẹ̀ rà wọ́n fún Madrid. Lára ohun tí ó rà ni Charles karùn-ún pẹ̀lú ajá rẹ̀, ẹ̀bùn ọdún 1623, tí àwọn ará Sípéènì wá san owó lé lórí kí wọ́n tó rí i gbé padà sílé, níbi tí ó wà títí di òní.